Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo lórí okùn tó ń fa ọkọ̀ òkun: ìdáhùn lórí kápísítánì àti wíǹṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlàjẹ ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àti bàbá mi ń kan ọkọ̀ pákó, a sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe létí omi. Tí a bá fẹ́ wọ́ ọkọ̀ kan gòkè, a máa ń pe ọ̀dọ́kùnrin tó pọ̀, owó tí a ń san fún wọn sì ti ń kọjá agbára wa. Láìpẹ́ yìí mo lọ sí wọ́ọ̀fù Àpápá, mo rí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan tó fi ọwọ́ di ìdí okùn mú wẹ́rẹ́, òpó irin kan ń yí níwájú rẹ̀, okùn náà sì ń fa ọkọ̀ ńlá mọ́ èbúté. Kò tilẹ̀ làágùn. Nítòsí rẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ń ká okùn tirẹ̀ sínú ara rẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú. Báwo ni ọwọ́ ènìyàn kan ṣe lè di ọkọ̀ òkun mú? Kí ló dé tí ìkan nílò ọwọ́ tí ìkejì kò nílò rẹ̀? Èwo nínú méjèèjì ni kí a rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí bàbá yín. Èyí tí ẹ rí lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, kápísítánì ni. Èyí tó ń ká okùn sínú ara rẹ̀, wíǹṣì ni. Títún irú ẹ̀rọ báyìí ṣe lórí ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ìbéèrè yín sì wà lára àwọn tí inú mi ń dùn jù láti dáhùn, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ní fi owó ra ẹ̀rọ tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, kò sì ní fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n.

Kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló ń fa ọkọ̀. Mọ́tò tó wà lábẹ́ òpó irin ló ń fà á. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè fa okùn tí òpó kò bá dì mú, ohun tó sì jẹ́ kí òpó di okùn mú ni pé wọ́n ti wé okùn náà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹni tó bá ti so àgbò Iléyá tó ń jà mọ́lẹ̀ rí mọ ọgbọ́n yìí. Tí okùn bá ti lè yí igi po lẹ́ẹ̀mejì, ọmọdé lè di ìdí rẹ̀ mú, àgbò á fà títí, kò ní rí ibì kankan lọ. Gbogbo ibi tí okùn bá ti fara kan igi ni igi ti ń gba díẹ̀ lára agbára àgbò náà. Nígbà tó bá fi máa dé ọwọ́ ọmọ, ohun tó kù kò tó nǹkan.

Ibi tó ti yanilẹ́nu ni bí agbára yẹn ṣe ń pọ̀ sí i bí a bá ń fi ìyípo kún ìyípo. Kì í lọ ní ìkọ̀ọ̀kan, ìlọ́po lórí ìlọ́po ni. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Switzerland, àti Johann Albert Eytelwein, ẹnjiníà ọmọ Jámánì, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe ìṣirò náà títí di òní. Ẹ jẹ́ ká mú okùn gbígbẹ lórí irin tó mọ́, kí a sọ pé bí ara wọn ṣe ń di ara mú jẹ́ 0.25, ìyẹn ni pé ẹrù 100 kílò tó jókòó lórí irin bẹ́ẹ̀ máa gba agbára 25 kílò kó tó yọ̀. Tí okùn bá yí òpó po lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ọwọ́ fà máa di ìlọ́po 5, ó dín díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, ó di ìlọ́po 23. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di 111. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó lé ní 530. Tí ọkùnrin tí ẹ rí bá fi agbára kílò 5 péré di ìdí okùn mú, bóyá ìwúwo ike omi lítà márùn-ún, òpó náà lè fi ìyípo mẹ́ta fa ohun tó lé ní 550 kílò, kó sì fi ìyípo mẹ́rin fa ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi làágùn.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Tí gíríìsì tàbí epo bá kan òpó yẹn, tí ìdìmú náà já sí 0.1, ìyípo mẹ́ta kan náà kò ní ju ìlọ́po 6 sí 7 lọ. Kílò 5 ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè di ju nǹkan bíi kílò 33 mú. Okùn á yọ̀ lójijì, ẹrù á sì padà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi tọkàntọkàn da gíríìsì sí ara òpó kápísítánì torí ó rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀rọ. Inú gíà ni gíríìsì ń gbé. Ara òpó gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ.

Ohun kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbà: títóbi òpó kò sí nínú rẹ̀ rárá. Òpó tó tín-ín-rín bí apá àti èyí tó tóbi bí igi ìrókò, bí ìyípo bá dọ́gba, tí ara wọn sì rí bákan náà, bákan náà ni wọ́n ṣe máa di okùn mú. Ohun tí òpó ńlá fi dára ni pé kì í ká okùn kò jù. Okùn tí a bá ń fi agbára ká mọ́ òpó tó kéré jù máa ń ya láti inú kí ojú tó rí i lóde.

Wàyí o, kí ni ọwọ́ ọkùnrin yẹn ń ṣe níbẹ̀? Òun ló ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Tó bá fà á díẹ̀, òpó á di okùn mú, ọkọ̀ á sún mọ́ èbúté. Tó bá dẹ ọwọ́, okùn á yọ̀ lára òpó, òpó á máa yí lófìfo, ọkọ̀ á dúró. Kò ní láti pa mọ́tò, kò ní láti wá bọ́tìnnì kankan. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ lójijì tí okùn sì fẹ́ le ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ó sì lè jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀ kó má bàa já. Kò sí ẹ̀rọ kan tí mo mọ̀ tó fún ènìyàn ní irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ lórí ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí èyí.

Tí ẹ bá wo òpó náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ìbàdí rẹ̀ fún, orí àti ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Okùn tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹrù máa ń wọlé nísàlẹ̀, ìyípo tuntun á máa ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sókè. Bí òpó bá rí gbọọrọ bíi páìpù, okùn á gùn ún títí á fi bọ́ lórí. Fífún ìbàdí yẹn ló ń mú kí okùn máa yọ̀ padà sí àárín. Nítorí pé okùn ń wọlé níhìn-ín tó sì ń jáde lọ́hùn-ún, kápísítánì kì í tọ́jú okùn kankan. Mítà 20 ni o, mítà 500 ni o, bákan náà ni lójú rẹ̀. Ẹnì kan ní láti máa ká èyí tó ń jáde sílẹ̀ lẹ́yìn.

Kí mọ́tò tó dé, ènìyàn ló ń yí i. Orí òpó máa ń ní ihò yíká, wọ́n á ki ọ̀pá igi gígùn bọ ihò kọ̀ọ̀kan, àwọn atukọ̀ á fi àyà ti ọ̀pá, wọ́n á máa rìn yípo bí ẹni tó ń jó. Tí ẹnì kan bá dúró ní mítà 2.5 sí àárín òpó, tí ibi tí okùn wà kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ sí àárín kan náà, agbára rẹ̀ ti di ìlọ́po 10. Ogún ọkùnrin tí olúkúlùkù ń ti kílò 20 lè fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin báyìí, kí a tó yọ ohun tó ń bá ìhára irin lọ, ìyẹn bí irin ṣe ń ha irin tó sì ń dá a dúró. Orin ni wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ wọn bára dọ́gba. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, olórin onígòjé á gun orí òpó náà lọ jókòó, á máa ta gòjé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i. Ní ìdí òpó ni àwọn ahọ́n irin wà, tí wọ́n ń já sínú eyín tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ yíká bó ṣe ń yí. Bí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn bá yọ̀ tí ẹrù sì fẹ́ fà á padà, ahọ́n yẹn ló máa dá a dúró. Láìsí i, àwọn ọ̀pá náà á yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó lè pa ènìyàn, ó sì ti pa wọ́n nígbà àtijọ́.

Tí ẹ bá ní ẹbí ní ìlú Ọba, kí ó lọ wo ọkọ̀ ogun HMS Victory ní Portsmouth, èyí tí wọ́n sọ sómi ní 1765. Okùn ìdákọ̀ró irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nípọn débi pé ìyíká rẹ̀ tó íǹṣì 24, kò sì ṣe é wé mọ́ òpó kankan. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n wé okùn mìíràn tó kéré sí i mọ́ kápísítánì, wọ́n sì so orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè máa yí lọ yí bọ̀ láìlópin. Àwọn ọmọdékùnrin orí ọkọ̀ á máa fi okùn kéékèèké so okùn ńlá mọ́ ọn bó ṣe ń wọlé láti iwájú ọkọ̀, wọ́n á rìn tẹ̀lé e dé ibi tí okùn ńlá ti ń wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á tú u níbẹ̀, wọ́n á sì sáré padà lọ so òmíràn. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ yẹn nígbàkígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí wíǹṣì, nítorí òun ni owó yín máa bá lọ.

Wíǹṣì ní àgbá irin tó sábà máa ń dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti de orí okùn tàbí wáyà mọ́ àgbá náà. Ó ń fa ẹrù, ó sì ń tọ́jú okùn sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi nílò ọwọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìdè tí wọ́n fi de okùn mọ́ àgbá ló ń di ẹrù mú. Ìdè yẹn kò lágbára tó. Àwọn ìyípo àkọ́kọ́ tó kù lára àgbá ló ń ṣe iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí okùn ṣe ń ṣe lára kápísítánì. Nítorí náà, bó ti wù kí ẹrù jìnnà tó, ìyípo wáyà márùn-ún ó kéré tán gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lára àgbá. Bí ó bá jẹ́ okùn oníke ni, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbára wíǹṣì wá láti ara kẹ̀kẹ́ eléyín, tí a ń pè ní gíà. Ẹ mú wíǹṣì ọlọ́wọ́ kékeré kan. Ọwọ́ tí a fi ń yí i gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, àgbá rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 láti àárín sí etí. Ìlọ́po 10 nìyẹn. Gíà inú rẹ̀ tún fi ìlọ́po 4 kún un, ó di 40. Tí ẹ bá fi kílò 15 tì í, kílò 600 ló yẹ kó jáde, ṣùgbọ́n ìhára irin á jẹ nínú rẹ̀, kí ẹ ka nǹkan bíi 420 sí èyí tó dájú. Ibi tí ẹ ti máa san án padà ni ìyára: yíyí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní fa okùn ju sẹ̀ǹtímítà 4.7 lọ. Láti wọ́ ọkọ̀ ní mítà 10, ẹ ó yí i ju ìgbà 200 lọ. Kò sí gíà kankan láyé tó ń fúnni ní agbára láìgba ìyára lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn tó ń ta wíǹṣì kì í sábà sọ èyí tó kàn yìí fún ẹni tó ń rà á. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, tọ́ọ̀nù kan tàbí méjì, ti ipele okùn àkọ́kọ́ lórí àgbá ni. Bí okùn bá ṣe ń gun orí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbá ń sanra sí i, agbára tó lè fi fà sì ń dín kù. Tí àgbá oní-sẹ̀ǹtímítà 3 yẹn bá kún di 6, agbára rẹ̀ ti pín sí méjì. Ẹni tó bá wá fa okùn díẹ̀ jáde láti fa ọkọ̀ tó wà nítòsí, nígbà tí gbogbo okùn yòókù ṣì wà lórí àgbá, ìdajì ohun tó sanwó fún ló ń lò. Ẹ jẹ́ kí okùn tó wà lórí àgbá mọ ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ yín nílò.

Lórí ọkọ̀ òkun, wọ́n fi ọgbọ́n yẹra fún ìṣòro yìí. Àgbá wíǹṣì tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté sábà máa ń pín sí méjì: apá kan fún títọ́jú okùn, apá kejì fún fífà, ipele kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń jẹ́ kó wà lápá fífà. Búréèkì rẹ̀ jẹ́ bẹ́líìtì irin tó yí àgbá po. Ẹ wò ó dáadáa, kápísítánì kan náà ni: bẹ́líìtì dúró ní ipò okùn, síkírù tí a fi ń fún un sì dúró ní ipò ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Nítorí náà ni búréèkì náà ṣe ní ojú ibi tó ń di àgbá mú dáadáa. Tí wọ́n bá ká okùn sí àgbá ní òdì, búréèkì kò ní lè di ẹrù mú tó bó ṣe yẹ, ọkọ̀ sì lè ṣí kúrò létí èbúté nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Wọ́n sì ń ṣètò búréèkì yìí kó yọ̀ nígbà tí ẹrù bá dé nǹkan bíi ìdá 60 nínú 100 agbára tó lè já okùn. Ó sàn kí búréèkì yọ̀ ju kí okùn já lọ.

Ti ìdákọ̀ró yàtọ̀ díẹ̀. Ṣéènì ni ọkọ̀ òkun òde òní ń lò dípò okùn, ṣéènì kì í sì í gbára lé ìhára. Orí ẹ̀rọ náà ní kòtò tí wọ́n gbẹ́ bá ojú ṣéènì mu, òrùka kọ̀ọ̀kan á jókòó sínú kòtò tirẹ̀. Mítà 27.5 ni wọ́n fi ń ka gígùn ṣéènì yìí ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ lè fa apá mẹ́ta, ìyẹn mítà 82.5, pẹ̀lú ìdákọ̀ró tó so mọ́ ọn, ní ìyára tí kò dín ní mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dákọ̀ró, irin ìdènà mìíràn ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, kí ẹ̀rọ lè sinmi.

Kì í ṣe orí omi nìkan ni ẹ ti lè bá ọgbọ́n yìí pàdé. Ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé gíga, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé bíi Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, sábà máa ń fi àwọn wáyà kọ́ orí kẹ̀kẹ́ irin kan, yàrá tí ènìyàn ń wọ̀ wà lápá kan, òkúta ìdọ́gba wà lápá kejì. Ìdìmú láàárín wáyà àti kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ènìyàn gòkè. Bí yàrá náà bá kọjá ibi tó yẹ kó dúró, òkúta ìdọ́gba á ti jókòó sílẹ̀, wáyà á dẹ̀, kẹ̀kẹ́ á sì máa yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ láìlè gbé yàrá lọ lu òrùlé. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n tó dára jù tí ènìyàn ti fi ẹ̀rọ dá. Àwọn tó ń na wáyà iná mànàmáná láti òpó dé òpó ń lo kẹ̀kẹ́ ńlá méjì tí wọ́n wé wáyà mọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Panama, ẹ̀rọ tó ń rìn lórí irin ní etí odò lílà náà ní wíǹṣì lára, òun ló ń mú kí ọkọ̀ òkun dúró sáàárín nínú ibi tóóró tó ń gbà kọjá. Ní Jámánì àti ìlú Ọba, wíǹṣì ló ń fa ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbéra nílẹ̀. Kódà inú rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, irin tín-ín-rín tó ń fa téèpù, kápísítánì ni orúkọ rẹ̀.

Ó ku ti yín. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ agbára tí ẹ nílò, kì í ṣe ìwúwo ọkọ̀ nìkan. Ká ní ọkọ̀ yín wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì, tí ilẹ̀ sì ń ga ní mítà kan nínú mítà mẹ́wàá, tí ẹ tẹ́ igi róbótó sábẹ́ rẹ̀ kó lè máa yí. Gíga ilẹ̀ máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, ìhára igi náà á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìíràn. Kílò 400 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ etí omi máa ń fa ìdí ọkọ̀ mọ́ra, pákó ti mu omi, omi tó kù nínú ọkọ̀ náà ní ìwúwo tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n omi inú rẹ̀, kí ẹ sì ra wíǹṣì tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ sí lára. Bí owó kò bá tó, ẹ ra èyí tó kéré, kí ẹ fi púlì kan kún un: ẹ so púlì mọ́ ọkọ̀, kí okùn gba inú rẹ̀ kọjá padà wá sọ́dọ̀ yín, kí ẹ so orí rẹ̀ mọ́ òpó tí wíǹṣì wà. Ẹrù tó ń kan wíǹṣì á di ìdajì, gígùn okùn tí ẹ ó fà á sì di ìlọ́po méjì.

Tí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni ẹ ti ń wọ́ ọkọ̀ gòkè, tí ọkọ̀ sì ní láti dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wíǹṣì ni kí ẹ rà, irú èyí tí búréèkì rẹ̀ ń di ara rẹ̀ mú bí ẹ bá ti fi ọwọ́ sílẹ̀. Wíǹṣì tó ní ahọ́n irin nìkan léwu nígbà tí ẹ bá ń sọ ọkọ̀ padà sómi. Ẹni tó bá ká ahọ́n rẹ̀ sókè nígbà tí ẹrù wà lára rẹ̀, irin ọwọ́ yẹn á yí bíi fáànù, ó sì ti ṣẹ́ apá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ fi okùn mìíràn so ó mọ́ òpó, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lọ́rùn wíǹṣì. Èmi kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ilẹ̀: iṣẹ́ kúkúrú ni wọ́n ṣe é fún, ó máa ń gbóná, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ Ìlàjẹ á sì jẹ àwọn wáyà inú rẹ̀ kíákíá.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ń fa gẹdú láti ibi tó jìnnà, lónìí ní apá ọ̀tún, lọ́la ní apá òsì, kápísítánì kékeré tó ń lo ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù á ṣe yín láǹfààní jù. Ẹni méjì lè gbé e, okùn tó gùn tó mítà 100 kò sì dá a lágara. Kódà láìra ẹ̀rọ kankan, òpó igi tó fìdí múlẹ̀ dáadáa létí omi lè jẹ́ kápísítánì yín nígbà tí ẹ bá ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀: ẹ wé okùn mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnì kan máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohunkóhun tí ẹ bá rà, agbára tó ń fa ọkọ̀ síwájú ló ń fa ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ omi. Ẹ má ṣe so ó mọ́ òpó àtíbàbà. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, ẹ gbé gẹdú nípọn dábùú sínú rẹ̀, ẹ so ṣéènì mọ́ àárín rẹ̀ kó jáde sókè, kí ẹ sì fi amọ̀ tì í pa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ tó kàn yìí. Okùn tó le, tó sì já, ń padà sẹ́yìn kí ojú tó ṣẹ́. Ó ti gé ẹsẹ̀ àwọn tí mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró ní ojú ọ̀nà tí okùn nà sí, níwájú tàbí lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tẹ inú òrùka okùn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń di ìdí okùn mú lẹ́yìn kápísítánì gbọ́dọ̀ dúró tó mítà kan sí òpó, kó má wọ aṣọ tó ní apá ńlá, kó má sì wé okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀ láé. Bí okùn bá gun orí ara rẹ̀ lára òpó, kò ní yọ̀ mọ́, bí ó bá tilẹ̀ ṣíwọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi ìka tú u. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dúró sídìí ẹ́ńjìnnì nítorí èyí.

Ní ti okùn fúnra rẹ̀, ike aláwọ̀ búlúù tàbí ewé tí àwọn apẹja ń rà lọ́jà kò wọ́n, ó sì ń léfòó, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, bí òpó kápísítánì bá sì ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ooru á yọ́ ara rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń nà bíi rọ́bà, gbogbo nínà yẹn ló sì máa fi padà wá bó bá já. Fún kápísítánì, mo fọwọ́ sí okùn pọ́lísítà tí wọ́n hun, tí kì í nà púpọ̀. Fún wíǹṣì, wáyà irin dára, kí ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ awọ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì jù ú nù bí ẹ bá ti ń rí fọ́nrán tó já lára rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ẹ̀rọ náà, kí ẹ wo ahọ́n irin àti spíríǹgì rẹ̀ bóyá wọ́n ṣì ń já sí ààyè wọn dáadáa.